Àyẹ̀wò ọkọ̀ ojú omi fáíbà àlòkù méjì ní etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́

Ọkọ̀ ojú omi fáíbà àlòkù méjì ni mo yẹ̀ wò fún ẹ̀gbọ́n mi kan, tí ó ń wá ọkọ̀ kékeré tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa fi ti Ẹ̀pẹ́ lọ sí ìdí iṣẹ́ ẹja wọn. Tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni méjèèjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 17, irú iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì fi kàn wọ́n. Èkíní ti gba ọ̀dà tuntun tinú tòde, ó ń dán gbinrin. Èkejì ti ṣá, ilẹ̀ rẹ̀ ń rì mọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀, omi òjò sì wà nínú rẹ̀ nígbà tí a débẹ̀. Owó tí wọ́n pe èkíní fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì owó èkejì, síbẹ̀ méjèèjì pọ́ọ́kú bí a bá fi wọ́n wé ọkọ̀ tuntun. Ìdájọ́ mi ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra èyí tí ó ń dán ní iye tí wọ́n pè é, àti pé èyí tí ìjẹrà rẹ̀ hàn gbangba ni ó yẹ kí a jókòó dúnàádúrà lé lórí. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí mo ṣe dé ibẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní etí omi wa ni ó ń fi ojú nìkan ra ọkọ̀, ẹ̀mí ara wọn àti ti àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n sì ń gbé sínú rẹ̀.

Àwọn tí ń tà wọ́n a máa sọ pé fáíbà kì í jẹrà. Òótọ́ ni, bí a bá mọ ibi tí òótọ́ náà mọ. Fáíbà jẹ́ okùn gíláàsì tín-ín-rín tí wọ́n tò sórí ara wọn, tí wọ́n sì fi résìn, ìyẹn gọ́ọ̀mù olómi tí ń gan, rẹ títí tí ó fi le. Kò sí ohun tí ń mú nǹkan jẹrà tí ó lè rí nǹkan jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n fáíbà tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ a máa tẹ̀ bí ẹrù bá wúwo lórí rẹ̀, ìdí nìyí tí àwọn tí ń kan ọkọ̀ fi máa ń fi igi sí àárín rẹ̀ ní ibi tí ó bá ti nílò agbára. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láti àwọn ọdún 1970 títí di àwọn ọdún 1990, plywood ni ó wà láàárín ògiri ìdí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rọ̀ mọ́, plywood ni ilẹ̀ tí a ń tẹ̀, igi sì ni àwọn òpó gbọọrọ tí ó sùn lábẹ́ ilẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí kì í jẹ́ kí abẹ́ ọkọ̀ máa tẹ̀ síwá sẹ́yìn lórí ìgbì. Ẹni tí ó bá ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, igi ni ó rà. Fáíbà kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Igi kì í sì í jẹrà lásán. Àwọn ohun abẹ̀mí tí ń jẹ ẹ́ jẹ́ ìbátan olú tí ń hù lára ìtì igi nínú oko, wọ́n sì nílò ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́. Bí ọ̀rinrin inú igi kò bá tó nǹkan bí ìdá 20 nínú 100, wọn kò ní rí ibẹ̀ gbé. Bí igi bá sì rì sínú omi pátápátá, kì í tètè jẹrà, nítorí pé afẹ́fẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ibi tí ewu wà ni àárín méjèèjì, níbi tí igi ti tutù láìrì, tí fáíbà sì ká a mọ́ tí kò fi lè gbẹ. Iyọ̀ inú omi òkun a máa dí ìjẹrà lọ́wọ́ dé ìwọ̀n kan, ṣùgbọ́n omi òjò kò ní iyọ̀, ara àwọn ohun abẹ̀mí wọ̀nyí sì yá sí i. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bi ẹni tí ó ń ta ọkọ̀ léèrè ibi tí ọkọ̀ náà ti ń sùn lásìkò òjò kí n tó bi í léèrè nípa ẹ́ńjìnì. Ọ̀sà Èkó a máa ní iyọ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ náà a sì fà sẹ́yìn nígbà tí odò bá kún. Ní ìhà Lẹ́kí àti Ẹ̀pẹ́, omi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní iyọ̀ rárá. Ọkọ̀ onígi tí wọ́n fi fáíbà bò, tí ó wá ń gbé níbẹ̀ láìní ìbòrí, kò ní ààbò kankan bí kò ṣe pé kí gbogbo ojú ihò ara rẹ̀ dí pinpin.

Àwọn ojú ihò náà ni mo fi bẹ̀rẹ̀ lára èyí tí ó ń dán, lẹ́yìn tí mo ti ka nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ó wà ní ìdí rẹ̀ tán. Láti ọdún 1972 ni òfin Amẹ́ríkà ti mú un ní dandan pé kí ẹni tí ó bá ṣe ọkọ̀ tẹ nọ́ńbà yìí sí apá ọ̀tún ìdí rẹ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 12 ni. Nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti àárín àwọn ọdún 1980 wá, méjì tí ó kẹ́yìn ń sọ ọdún tí wọ́n kà á sí. Ẹni tí ó ń tà á sọ fún wa pé ọkọ̀ náà kò tíì pé ọdún 15. Ní abẹ́ ọ̀dà tuntun, 89 ni mo fi ìka kàn, ìyẹn ọdún 1989. Ọjọ́ orí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ fún fáíbà, mo ti rí èyí tí ó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ara rẹ̀ le koko. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé plywood ni yóò wà nínú ìdí rẹ̀, àti pé ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ń tà á kò ní tó láti gbára lé.

Ìdí ọkọ̀ ni ihò pọ̀ sí jù. Bóòtù mẹ́rin ni ó gbé ẹ́ńjìnì dúró, ihò ìtúmi wà nísàlẹ̀, àtẹ̀gùn tí àwọn tí ń lúwẹ̀ẹ́ fi ń gòkè ní skúrù tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ tí ń wọn ìjìnlẹ̀ omi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ihò yìí gba inú plywood kọjá. Bí ẹni tí ó dá a lu kò bá fi èdìdì dí i dáadáa, tàbí tí èdìdì náà bá ti gbó, omi yóò máa wọlé díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Ihò ìtúmi ni ó burú jù nínú wọn, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ plywood ni ó sábà máa ń ṣí sílẹ̀ nínú ihò náà, omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ sì ń jókòó lé e lójoojúmọ́.

Mo fi òòlù olórí ike kan ògiri ìdí náà díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní ìlà-ìlà. Ibi tí igi bá ti le tí ó sì lẹ̀ mọ́ fáíbà, ó máa ń dún kó-kó-kó, òòlù a sì ta padà lọ́wọ́ ẹni. Ibi tí ó bá ti jẹrà tàbí tí ó ti ya kúrò lára fáíbà, ohùn rẹ̀ a wálẹ̀, a dún gbì, bí ẹni pé aṣọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu lára ọkọ̀ yìí ni pé ohùn rẹ̀ láti inú yàtọ̀ sí ti òde. Láti inú, ó ń dún dáadáa níbi gbogbo. Láti òde, ó ń dún gbì láti ihò ìtúmi títí dé ìdajì gíga ògiri náà. Igi kan náà kò lè le ní ojú kan kí ó sì kú ní ojú kejì, àyàfi bí kì í bá ṣe igi kan ni ó wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni mo gbé ẹ́ńjìnì sókè díẹ̀, mo di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, mo sì ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sókè sódò nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń wo ògiri ìdí. Yamaha 40 ni ẹ́ńjìnì náà, ó sì wúwo ju kílò 70 lọ. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń fò lórí ìgbì, agbára tí ó ń fi fa ògiri náà ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ fíìfíì. Ògiri tí ó le kò gbọ́dọ̀ mì rárá. Èyí tẹ̀, kò tẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n a rí omi tín-ín-rín tí ó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóòtù ìsàlẹ̀ kan. Mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí n tú skúrù kan lára àtẹ̀gùn ẹ̀yìn. Ó yọ láìjanpata, kò di nǹkan kan mú, omi pupa rúsúrúsú sì ń kán tẹ̀lé e, ó ń rùn bí ewé tí ó pẹ́ nínú kòtò.

Mo ní ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn ọ̀rinrin lọ́wọ́, n kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbára lé e. Bóòtù irin, àgbá epo tí ó wà lẹ́yìn ògiri, ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n fi bàbà sí, tàbí ìrì àárọ̀ lásán lè mú kí ó pariwo níbi tí igi ti gbẹ. Ó sì lè dákẹ́ níbi tí igi ti jẹrà tán tí ó wá gbẹ. Ìdálu ni ẹ̀rí tí kò ní àríyànjiyàn. Irin ìdálu mílímítà 3 tó, láti inú ni a sì ti ń dá a lu, kí ó kọjá fáíbà inú àti igi nìkan, kí ó má ṣe yọ sí òde. Ẹni tí ó ń ta ọkọ̀ fà sẹ́yìn: “Alàgbà, ẹ ò lè máa dá ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lu báyìí.” N kò bá a jà, nítorí pé ohun ìní rẹ̀ ni. Mo ṣèlérí pé níbi tí ojú kò ní tó ni mo ti máa dá a lu, àti pé èmi fúnra mi ni yóò fi epoxy, irú résìn kan tí ń lẹ̀ gan-an, dí i. Ó gbà. Ìmọ̀ràn mi fún ẹnikẹ́ni ni pé bí ọlọ́kọ̀ bá kọ̀ ìdálu pátápátá lẹ́yìn irú ìlérí bẹ́ẹ̀, kí ó kí i, kí ó sì máa lọ.

Ohun tí ó jáde lára irin ìdálu náà sọ gbogbo ìtàn ọkọ̀ yìí. Fáíbà tuntun ni ó kọ́kọ́ wá, òórùn résìn rẹ̀ ṣì le. Lẹ́yìn rẹ̀ ni igi pupa gbígbẹ, lẹ́yìn náà awọ dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan, pọ́tì aláwọ̀ eérú tí àwọn tí ń tún ara mọ́tò ṣe máa ń lò, ní ìparí gbogbo rẹ̀ igi dúdú tí ó tutù tí ó sì rọ̀ bí ẹ̀rọ̀fọ̀. Ẹni tí ó tún un ṣe kò yọ igi tí ó jẹrà. Ó lẹ pátákó tuntun mọ́ ọn lára láti inú, ó fi fáíbà kan ṣoṣo bò ó, ó sì kùn ún.

Awọ dúdú yẹn ni mo fẹ́ kí òǹkàwé fi sọ́kàn. Ohun tí wọ́n ń pè ní “marine board” ní ọjà igi wa ni pátákó tí àwọn bírìkìlà fi ń da kọnkéré, tí irú awọ dúdú bẹ́ẹ̀ bò, tí ojú rẹ̀ ń dán kí sìmẹ́ǹtì má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n ṣe kí nǹkan má lè lẹ̀ mọ́ kò lè di ara kan náà pẹ̀lú résìn. Plywood ọkọ̀ ojú omi gan-an ni èyí tí a tẹ BS 1088, ìyẹn àmì ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sí lára. Kò ní awọ dídán, kò gbọ́dọ̀ sí àlàfo láàárín àwọn pẹlẹbẹ rẹ̀, omi gbígbóná kò sì lè tú gọ́ọ̀mù rẹ̀. Pọ́tì mọ́tò pẹ̀lú a máa fa omi mu. Nítorí náà, ọkọ̀ tí wọ́n ń pe owó gọbọi lé lórí yìí ní ìjẹrà àtijọ́ tí ó ṣì ń jẹ lọ, àti àtúnṣe tí yóò fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é dáadáa ní iṣẹ́ méjì: yóò kọ́kọ́ hú iṣẹ́ burúkú náà kúrò kí ó tó dé orí ìjẹrà. Ohun tí ó bí mi nínú jù ni pé ọkọ̀ náà yóò gbé ènìyàn fún oṣù mélòó kan kí bóòtù ẹ́ńjìnì tó bẹ̀rẹ̀ sí í rì wọnú igi, àárín ọ̀sà sì ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ sí, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi agbára fún ẹ́ńjìnì.

Ìyókù ara rẹ̀ kò ní púpọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Nígbà tí oòrùn òwúrọ̀ ṣì wà nísàlẹ̀, mo fi ojú tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, mo sì rí ibi kan tí ó wú díẹ̀ ní apá òsì. Nínú ọkọ̀, ní ọ̀gangan ibẹ̀, wọ́n ti kun ọ̀dà tuntun. Ẹni tí ó kun inú ìsàlẹ̀ ọkọ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò ní ìdí tí ó fi kùn ún.

Èkejì kò fi nǹkan kan pamọ́. Ọ̀dà rẹ̀ ti di ẹfun lójú oòrùn, ilẹ̀ rẹ̀ jẹrà níwájú ìjókòó awakọ̀ débi pé mo fi ọwọ́ ṣí i. Mo dúpẹ́ fún ihò náà, nítorí pé ó jẹ́ kí n rí òpó abẹ́lẹ̀ méjèèjì. Èyí tí ó wà lápá ọ̀tún le, irin ìdálu mú igi funfun gbígbẹ jáde lára rẹ̀ ní ibi mẹ́ta. Tòsì ti jẹrà ní ẹ̀yìn, ó tó ìwọ̀n apá ènìyàn. Ìdí ọkọ̀ ń dún kó-kó láti òkè dé àárín, ó ń dún gbì yí ihò ìtúmi ká, ohùn náà sì rí bákan náà nínú àti lóde, èyí tí ó fi hàn pé kò tíì sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án rí. Fáíbà fúnra rẹ̀ nípọn, ó sì le. Mo rí ìsán tí ó tàn kálẹ̀ bí ìràwọ̀ ní abẹ́ iwájú, tí ó jọ pé gẹdú tí ó ń léfòó ni ó gbá a. Mo ha ojú rẹ̀ díẹ̀, ìsán náà kò kọjá gelcoat, ìyẹn awọ òkè tí ó bo fáíbà. Bí irú ìsán bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀ lé ara wọn ní ìlà-ìlà ní ibi kan, pàápàá ní igun ìdí ọkọ̀, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀, nítorí pé títẹ̀ ni ibẹ̀ ń tẹ̀.

Àléébù rẹ̀ tí ó wúwo jù wà nínú fọ́ọ̀mù. Òfin Amẹ́ríkà fẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 20 ní ohun tí kò ní jẹ́ kí wọ́n rì tán bí omi bá kún inú wọn, fọ́ọ̀mù tí wọ́n dà sí abẹ́ ilẹ̀ ni ó sì ń ṣe iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ó ti jókòó sínú omi òjò, fọ́ọ̀mù náà a mu omi, kò sì ní gbẹ mọ́. Mo gé ẹyọ kan, mo fún un, omi sì jáde. Lítà omi kan ni kílò kan. Ọkọ̀ tí ó bá ru 100 lítà omi sínú fọ́ọ̀mù ti gbé èrò kan tí ó sanra kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, ohun tí ó yẹ kí ó gbà á là sì ti di ẹrù lé e lórí. Gbogbo rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ jáde. Nǹkan kan wà tí mo wá, tí n kò rí, ní abẹ́ ọkọ̀: ròrò kéékèèké tí omi inú wọn máa ń rùn bí ọtí kíkan nígbà tí a bá lu wọ́n. Ọkọ̀ tí ó ń sùn lórí ilẹ̀ kì í sábà ní wọn.

Nípa àtúnṣe, àwọn kan yóò gba ẹ̀gbọ́n mi nímọ̀ràn pé kí ó dá ihò sí ìdí ọkọ̀, kí ó sì da epoxy tí ó ṣàn sínú rẹ̀. N kò gbà. Epoxy kì í wọnú igi tí omi ti kún, ohun tí ó sì ń ṣe ni pé ó ń dí ọ̀nà tí ọ̀rinrin ìbá gbà jáde. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí wọ́n gé fáíbà inú kúrò, kí wọ́n gbẹ́ gbogbo igi tí ó jẹrà títí dé fáíbà òde, kí wọ́n ha á mọ́, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n lẹ plywood mílímítà 19 méjì pọ̀, kí ó di 38, kí wọ́n rẹ gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú résìn kí ó tó wọlé, kí wọ́n sì fi fáíbà so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ àti abẹ́ ọkọ̀. Epoxy máa ń lẹ̀ mọ́ fáíbà àtijọ́ ju résìn polyester lọ, ó sì wọ́n jù ú lọ. Ní ìdí ọkọ̀, mo gbà pé owó náà yẹ ní sísan. Níbi tí wọ́n bá ti fẹ́ so fáíbà tuntun mọ́ ti àtijọ́, etí ti àtijọ́ gbọ́dọ̀ dà sẹ́yìn ní ìlọ́po 12 ìnípọn rẹ̀: bí ó bá nípọn tó mílímítà 5, kí wọ́n ha á sẹ́yìn tó mílímítà 60. Ihò bóòtù kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lu tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, kí wọ́n fi epoxy kún un, kí wọ́n sì dá ihò gan-an lu láàárín epoxy náà, kí bóòtù má ṣe fi ara kan igi láéláé. Ẹni tí yóò ha fáíbà gbọ́dọ̀ bo imú àti ojú rẹ̀ dáadáa. Àkísà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń dì mọ́ imú kò lè dá eruku gíláàsì dúró.

Mo bá ọ̀gá oní-fáíbà kan jókòó, a sì ṣírò iṣẹ́ èkejì: ògiri ìdí, ìdajì òpó òsì, ilẹ̀ àti fọ́ọ̀mù tuntun. Ó ju owó tí wọ́n pe ọkọ̀ náà lọ díẹ̀. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, iye rẹ̀ ju ti ọkọ̀ tí ó ń dán lọ, ẹ̀gbọ́n mi sì bi mí pé kí ló dé tí mo ṣì ń tì í síbẹ̀. Ìdáhùn mi ni pé ọkọ̀ tí ó ń dán yóò gba gbogbo iṣẹ́ yìí pẹ̀lú, lórí owó ńlá tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbà, àti pé ẹnikẹ́ni kò lè sọ ohun tí ó wà lẹ́yìn ìyókù ọ̀dà rẹ̀ títí tí wọ́n yóò fi tú u palẹ̀. Bí wọ́n bá tà á ní iye owó ẹ́ńjìnì rẹ̀ nìkan, mo lè gbà á nímọ̀ràn pé kí ó rà á, kí ó sì tú ẹ́ńjìnì náà kúrò.

Nínú máàkì 10, mo fún ọkọ̀ tí ó ń dán ní 2, nítorí ẹ́ńjìnì. Mo fún èkejì ní 6 fún ẹni tí ó ní àyè, tí ó ní oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́, tí kò sì ní kánjú. Fún ẹni tí ó fẹ́ gbé e sómi lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, òdo ni. Àdéhùn tí a bá ẹni tí ó ni ín ṣe ni pé kí ó yọ ìdámẹ́ta kúrò nínú owó náà nítorí fọ́ọ̀mù àti òpó òsì, ó sì gbà lẹ́yìn tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún fọ́ọ̀mù náà. Títí tí ògiri ìdí tuntun yóò fi gan tán, ẹ́ńjìnì kankan kò ní kọ́ mọ́ ọn. Ọkọ̀ náà yóò wà lábẹ́ tàpólì, iwájú rẹ̀ yóò ga ju ẹ̀yìn lọ, ihò ìtúmi rẹ̀ yóò sì wà ní ṣíṣí.